Ibi tí òkun bá ti parọ́rọ́ kọ́ ni kí ẹ ti wọ̀

Àná ni mo tún gbọ́ ọ, inú mi ò sì dùn. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́sàn-án là ń ṣètò lórí WhatsApp láti lọ gbádùn létí òkun lẹ́yìn Ojúde Ọba. Ẹnì kan béèrè pé etíkun wo ni kò léwu. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ti fi ohùn wọn ránṣẹ́: “Ẹ má da ara yín láàmú. Ibikíbi tá a bá lọ, ká ṣáà wá ibi tí omi ti parọ́rọ́, tí kò ru, ibẹ̀ la máa wọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, a mọ omi.” Lójú ẹsẹ̀, èèyàn márùn-ún ti fi àtàǹpàkò sí i.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ ibi fún wa. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n sọ, ohun tí èmi náà gbà gbọ́ títí di ọjọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń pa èèyàn, mi ò lè torí ọ̀wọ̀ dákẹ́.

Ọdún bíi mẹ́rin sẹ́yìn, àwa méje wọ bọ́ọ̀sì ní Ìjẹ̀bú-Òde, a gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ jáde sí ìhà Ìbẹ̀jú-Lekki. Mi ò ní dárúkọ etíkun náà. A gbé bọ́ọ̀lù dání, a gbé gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti omi tútù sínú kúlà pupa kan. Ọmọ Ṣágámù ni mí, odò Ìbù ni mo ti kọ́ ìwẹ̀ láti kékeré, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi nígbà yẹn pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo dúró wo òkun díẹ̀. Mo rí ibì kan tó tẹ́ bí ẹní láàárín ìgbì funfun méjì, mo ní kí àwọn yòókù dúró kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó dé àyà, ìgbì kankan ò lù mí. Mo yíjú padà láti ní kí wọ́n máa bọ̀. Kúlà pupa yẹn ti kéré bíi páálí ìṣáná.

Mi ò tíì lúwẹ̀ẹ́ rárá o. Ẹsẹ̀ mi ti kúrò nílẹ̀, mi ò mọ̀. Mo kọjú sí ilẹ̀, mo lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, mo gbójú sókè, kúlà tún ti kéré sí i. Mo tún lú. Apá mi ń gbóná, èémí mi ń tán, mi ò sì kúrò níbi tí mo wà. Bàbá apẹja kan tí wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe ló sáré wá sétí omi. Wọn ò pè mí pé kí n máa bọ̀. Apá ni wọ́n nà sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń jù ú bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gàrí: gba ẹ̀gbẹ́, gba ẹ̀gbẹ́. Ohùn wọn ò dé ọ̀dọ̀ mi, apá yẹn ni mo rí. Mo yí sí ẹ̀gbẹ́, mo lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi tí ìgbì ti ń fọ́, ibi tí mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbì àkọ́kọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó bò mí, yanrìn kún ẹnu mi, ó sì tì mí síwájú. Òmíràn tún tì mí, òmíràn tún dé. Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀.

Bàbá náà ò bú mi. Nígbà tí mo lè dìde dúró, wọ́n ṣa èèpo àgbọn méjì nílẹ̀. Wọ́n ju ọ̀kan sínú ìfóófòó, wọ́n ju èkejì síbi tí mo ti wọ̀. Ti inú ìfóófòó yí gbirigbiri, ó padà wá síbi ẹsẹ̀ wa. Èyí tó bọ́ síbi tó tẹ́ yẹn ò yí rárá. Ó ń lọ tààrà, jẹ́ẹ́jẹ́, títí a ò fi rí i mọ́. Láti ìgbà náà, mi ò dé etí òkun kan kí n má kọ́kọ́ ju èèpo àgbọn tàbí ewé sómi kí n tó bọ́ṣọ.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Ìgbì ń gbé omi wá sétí ilẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, kì í sinmi. Gbogbo omi yẹn gbọ́dọ̀ padà. Ó máa wá ibi tí yanrìn ìsàlẹ̀ ti jin kòtò, ibẹ̀ ló máa rọ́ gbà jáde, bí òjò tó rọ̀ sórí gbogbo òrùlé àdúgbò ṣe máa ń já sí gọ́tà kan ṣoṣo. Nítorí pé ibẹ̀ jìn, ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀. Tí ìgbì ò bá fọ́, kò sí ìfóófòó, ojú omi á tẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó dúró lórí yanrìn á rò pé ibi ìsinmi nìyẹn. Ojú ọ̀nà tí omi ń gbà padà sáàárín òkun ni. Kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀, ó ń gbé e lọ sáàárín òkun ni. Àárẹ̀ àti ìpayà ló ń pa á, torí ó ń bá omi jà.

Wọ́n ti wọn irú omi yìí tó ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó ń gba wúrà ní Òlíńpíìkì ò lè lúwẹ̀ẹ́ borí ìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí létí omi ní Amẹ́ríkà sọ pé nínú 100 èèyàn tí wọ́n bá yọ nínú ìgbì òkun, ó lé ní 80 tó jẹ́ pé omi tó ń padà yìí ló gbé wọn. Ní Bondi, etíkun tó lókìkí jù ní Ọsirélíà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1938, omi gbé bíi 250 èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn láìfúgáàdì tó pọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n yọ wọ́n, èèyàn márùn-ún péré ló kú. Ẹ wo iye tí ì bá kú ká ní kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ omi. Ní orílẹ̀-èdè kan náà, Harold Holt, olórí ìjọba wọn, wọ òkun ní Cheviot Beach lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1967. Òmùwẹ̀ gidi ni, ó mọ etíkun náà dáadáa. Títí dòní wọn ò rí òkú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ “a mọ omi” fún mi mọ́. Omi odò la mọ̀, omi ọ̀sà la mọ̀. Odò Ìbù ń ṣàn gba ibì kan, o rí ibi tó ń lọ. Òkun ń bọ̀, ó sì ń padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àwọn tó ní Olókun ló ń mú ẹni tó bá wù ú, mi ò bá wọn jà. Èèpo àgbọn tí mo rí ò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Nǹkan kan tún wà. Wọ́n ní tí òjò ò bá rọ̀, tí oòrùn bá ràn, òkun á rọ̀. Ìgbì tó ń dé etíkun wa kì í ṣe ojú ọjọ́ Èkó ló ń bí i. Ìjì tó ń jà ní gúúsù Atlantic, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa, ló ń tì í wá, oṣù Kẹfà sí Kẹjọ ló sì ń le jù níbẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2012, àsìkò tí òjò ń sinmi lọ́dọ̀ wa, ni òkun ya wọ etíkun Kúrámọ̀ ní Èkó, tó gbé àwọn èèyàn lọ. Ẹ wá rántí pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí lọ́dún 2024, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà lọ́dún 2025. Lọ́dún méjèèjì, inú àsìkò ìgbì gan-an ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bọ́ aṣọ àríyá sílẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé ó kan etí òkun.

Mo gbà pé ibì kan wà tí omi parọ́rọ́ lóòótọ́, mo sì gbà pé ojú lè tan ẹni tó mọ àmì rẹ̀ pàápàá. Etíkun Tarkwa Bay ni ibi tí omi ti parọ́rọ́ yẹn. Àwọn òyìnbó to ògiri òkúta sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó kí yanrìn má bàa dí i mọ́ ọkọ̀, Tarkwa sì sinmi sẹ́yìn ògiri náà. Gbogbo etíkun ibẹ̀ ló rọ̀, kì í ṣe àlàfo kan láàárín ìgbì méjì. Ìyàtọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ò ṣe nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì lè kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi pátákó gun ìgbì. Àmọ́ ẹ má kọjá sí Lighthouse Beach lódì kejì láti wẹ̀, òkun gbalasa ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ kékeré, tó fẹ́ rìn nínú igbó ẹ̀gbà (mangrove), ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ náà dára: La Campagne Tropicana ní Ìkẹ́gun ní omi tó rọ̀ lọ́tọ̀ yàtọ̀ sí òkun. Ẹ wa ọkọ̀ nínú ìyẹn, ẹ gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn, ẹ fi òkun sílẹ̀ fún ojú.

Ibikíbi tó bá sì jẹ́, ká tó sanwó, ìbéèrè tí mo fẹ́ ká bi wọ́n kì í ṣe bóyá omi ń ru. Ta ló ń ṣọ́ omi? Aago mélòó ló ń dé, aago mélòó ló ń lọ? Tí omi bá gbé ẹnì kan nínú wa, kó fẹ̀yìn lé omi, kó dojú sókè, kó léfòó, kó na apá sókè, kó má bá a jà. Tí agbára bá wà, kó gba ẹ̀gbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó kù lórí ilẹ̀ má bẹ́ sómi tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo. Kúlà tó ṣófo, kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo, ohunkóhun tó léfòó, ẹ jù ú sí i.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo wa lè kà á. Tarkwa la fẹnu kò sí. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó mẹ́sàn-án ni mo ti ní kí ọlọ́kọ̀ ojú omi kó wá, mo sì ní kó jẹ́ kí n rí wọn kí a tó wọkọ̀. Ẹni tí kò bá ní wọ tiẹ̀, kó sọ fún mi kí n tó san owó ọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.