Gáàsì ìdáná kì í ṣe CNG
Ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lórí gáàsì tí wọ́n fi ń wakọ̀, ibi tí ẹ ti ní propane (ọ̀kan nínú gáàsì tó wà nínú gáàsì ìdáná) àti CNG (gáàsì àdánidá tí wọ́n fún pọ̀ sínú táǹkì) ò yàtọ̀ síra, kò rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ Iléṣà sí Ifẹ̀ ni mí. Láti 2023 tí owó epo ti gbẹ́nu sókè ni mo ti ń wádìí ẹ̀. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló ń rá mọ́, á wọnú kòtò mẹkáníìkì, ìṣáná kan ló kù. CNG fúyẹ́, òkè ló ń lọ.

Ẹ̀yin ará Ìṣọ̀kùn ní Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé sílíńdà ilé ìdáná sínú búùtù láti fi wakọ̀! Táǹkì propane tọkọ̀ ní fáàfù tó ń dá gáàsì dúró ní ìdá 80 nínú 100 tí wọ́n bá ń rọ ọ́, kó lè ráyè fẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ti ilé ìdáná ò ní in, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ là ń gbé.