Wọ́n Ti Ń Ta Àkísà Àgbà Ní Ṣọ́ọ̀bù

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo yà kí àbúrò mi kan ní London. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe, kì í ṣe olórin. Bí mo ṣe wọ pálọ̀ ni mo rí gìtá kan tó fara ti ògiri, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, igi ti yọ síta bí egungun adìẹ lọ́jọ́ kejì Kérésì, gbogbo irin rẹ̀ ti dógùn-ún, ọrùn rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní, “Háà! Ẹ kú ewu o. Ṣé ilé jó ni, àbí omíyalé?”

Àbúrò rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tuntun ni o. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó dé.”

Mo bi í pé eélòó. Ó dárúkọ iye tó fi rà á. Mo wá àga, mo jókòó. Owó yẹn á ra mọ́tò àlòkù tó ṣì ń rìn, á sì ṣẹ́ kù fún epo.

Àwọn àgbà wa ló sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo fẹ́ fi tó wọn létí, níbikíbi tí wọ́n bá wà, pé ọmọdé ti ní in. Wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn á fi káàdì sanwó, wọ́n á wé àkísà náà sínú àpótí tó ní fẹ́lífẹ́ẹ̀tì nínú, wọ́n á sì fún un níwèé ẹ̀rí mọ́ ọn.

Ẹni tí àbúrò ń fi gbogbo èyí ṣe àfarawé rẹ̀ ni Rory Gallagher, ọmọ Ireland tó máa ń ta gìtá blues àti rock. Wọ́n bí i ní Ballyshannon ní 1948, ó sì dàgbà ní ìlú Cork. Ní 1963, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó rí gìtá Stratocaster kan tí ilé iṣẹ́ Fender ṣe ní 1961 ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní Crowley's. Òun gan-an kọ́ ló kọ́kọ́ ni ín. Olórin ẹgbẹ́ oníjó kan ló ti ń lò ó, ṣùgbọ́n pupa lẹni yẹn fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí pupa sì dé, ó yọwọ́ nínú eléyìí. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 pọ́n-ùn. Níbo ni ọmọ ilé-ìwé ti fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀? Ó gbà á láwìn, ó ń san án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ra aṣọ lọ́wọ́ òṣómàáló. Olè jí i lọ nígbà kan, inú kòtò ni wọ́n ti padà bá a. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé òun àti gìtá yìí kò ní pínyà mọ́.

Ṣùgbọ́n kòtò kọ́ ló bó ọ̀dà ara rẹ̀. Òógùn ni.

Ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan ṣe rí ní àwọn ọdún 1970 lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àsọdùn ni. Lásìkò tí àwọn gbajúmọ̀ olórin ìlú London ń wọ bàtà gogoro, tí wọ́n ń kun ojú, tí aṣọ wọn ń dán bí ẹ̀yìn ẹja, ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀kì àti jíìnsì ni Rory ń wọ̀ jáde, bíi káfíńtà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Á dúró síwájú èrò, á ta gìtá lé ní wákàtí méjì, irun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ iwájú orí, omi á máa kán tó-tó-tó láti ìgúnpá rẹ̀ sára igi gìtá. Lọ́la, ìlú mìíràn. Lọ́tùn-ún-la, òkun ni wọ́n ń sọdá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri Yúróòpù, ó ṣe é ní Amẹ́ríkà, ó ṣe é dé Japan. Kò tilẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa gé orin rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú àwo kékeré fún rédíò. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó wá síbi tí òógùn wà.

Ní oṣù kìíní 1974, ó kó àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lọ sí Belfast ní Àríwá Ireland. Àsìkò tí bọ́ǹbù ń dún ní ìlú yẹn nìyí, tí ṣọ́jà dúró ní ìkòríta, tí ọ̀pọ̀ olórin sì ń yẹ Belfast sílẹ̀ bí ẹni yẹ ilé adẹ́tẹ̀. Gerry McAvoy tó ń ta gìtá báàsì àti Lou Martin tó ń tẹ dùùrù, ọmọ Belfast làwọn méjèèjì. Rod de'Ath ló ń lùlù. Nínú gbọ̀ngàn Ulster Hall, ọmọ Kátólíìkì àti ọmọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọn kì í gba òpópónà kan náà kọjá níta, wọ́n jọ ń làágùn síra wọn lára. Wọ́n gba ohùn ìrìn àjò yẹn sílẹ̀ ní Belfast, Dublin àti Cork, ó di àwo, Tony Palmer sì ya fíìmù rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones tó ń wá onígìtá ránṣẹ́ pè é sí Rotterdam. Ó lọ, ó bá wọn ta gìtá, ó ní ẹ máa wòye o, wọ́n ń retí òun ní Japan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹni tí afọbajẹ ń yẹ̀ wò, tó ní iṣẹ́ pọ̀ lóko òun.

Ibẹ̀ ni gìtá yẹn ti di àkísà. Ọwọ́ ló ha á, òógùn ló bó o, ọgbọ̀n ọdún ó lé ló gbà.

Ó kú ní London ní oṣù kẹfà 1995, ọmọ ọdún 47. Ọdún yẹn kan náà ni Fender bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá tuntun tí wọ́n ti bà jẹ́ sílẹ̀ fún oníbàárà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Keith Richards, onígìtá Rolling Stones, ló fà á, pé wọ́n gbé gìtá tó ń dán yinrin wá fún un, ó ní kí wọ́n lọ gbá a mọ́lẹ̀ díẹ̀ ná. Bóyá ó ń ṣàwàdà. Àwọn tó gbọ́ ọ kò rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ kọ́ ilé iṣẹ́ lé e lórí.

Ẹ bá mi ro iṣẹ́ yìí wò. Baba kan jí láàárọ̀, ó wẹ̀, ó jẹun, ó dágbére fún ìyàwó, ó wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti lọ ba gìtá tuntun jẹ́. Sáńpépà ló fi ń ha ibi tí ọwọ́ yẹ kó ti ha. Kẹ́míkà ló ń bu sí irin kó lè dógùn-ún kó tó di ọ̀sán. Ó ń mú kí ọ̀dà rẹ̀ gba òtútù lójijì kó lè sán wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà lọ́yẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n san owó oṣù fún un! Ìyà náà sì ní ìpele: èyí tó dà bí ẹni pé abẹ́ ibùsùn ló ti ń sùn, èyí tó rìn ìrìn àjò díẹ̀, èyí tó jà, èyí tó jà tí wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Bí ìyà ṣe ń pọ̀ sí i, owó kì í wálẹ̀. Ti Rory gan-an wà níbẹ̀, wọ́n da gbogbo bíbó rẹ̀ kọ sára tuntun, ọgbẹ́ sí ọgbẹ́.

Bí ẹnì kan bá lọ sí Ìsẹ́yìn, tó ní kí ahunṣọ hun sányán fún òun, kó sì fi ihò eku mẹ́ta sí i, ìyẹn tí eku jẹ ní àpótí bàbá bàbá òun, ahunṣọ á ránṣẹ́ pe ẹbí rẹ̀. Bí ó bá yà lọ sọ́dọ̀ ọmọ Àyàn pé gángan tuntun lòun fẹ́, ṣùgbọ́n kó ti gba òógùn abíyá ẹlòmíràn fún ogún ọdún, wọ́n á fi ìlù náà bú u dé ilé. Àfi àwọn tó ń fi kànrìnkàn ha iwájú orí kí aládùúgbò lè rò pé ìrun òru ló dá àpá sí wọn lórí. Àwọn yẹn nìkan ló lè bá àbúrò mi jókòó kí wọ́n yé ara wọn.

Kò sì dúró lórí gìtá. Ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀kì wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi ṣá kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Jíìnsì rẹ̀ ya lórúnkún méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti ṣègbéyàwó. Ẹni tó wọṣọ lébìrà kó má baà wọ àṣà, òun ni wọ́n sọ di àṣà yìí. Ìyàwó gbé omi wá fún mi, ó rọra sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, àga wa tí aṣọ rẹ̀ ya, wọ́n ní ká kó o dà nù. Wọ́n ní ó ń dójú tì wọ́n níwájú àlejò.”

Ojúlówó àkísà náà ti kúrò nílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2024, wọ́n gbé gìtá Rory sórí gbàǹjo ní ilé Bonhams ní London, ó sì lọ fún 889,400 pọ́n-ùn. Denis Desmond, ọmọ Ireland tó máa ń ṣètò òde orin, ló rà á, ó sì fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè náà lọ́rẹ. Owó tí wọ́n san lórí èyí tí ọmọ ilé-ìwé gbà láwìn kò kúkú bí mi nínú. Ó ti ṣiṣẹ́, ó ti sinmi.

Mo ní kí àbúrò ta tirẹ̀ fún mi gbọ́. Ó kọ́kọ́ fọwọ́. Ó nu ọwọ́ gbẹ. Ó mú aṣọ funfun múlọ́múlọ́ nu gìtá náà láti orí dé ìdí, ó sì ní kí wọ́n dín ooru yàrá kù nítorí pé òógùn kò dáa fún un. Ó ta orin kan dé ìdajì, ó gbé e padà síbi tó wà.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin fi gun mọ́tò ìṣeré wọlé, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, gbì! ó kọ lu gìtá. Igbe tí àbúrò ké, mo rò pé ọmọ ló ṣèṣe. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú jíìnsì yẹn, ó ń wá ibi tó ti ha. Ó rí i nísàlẹ̀, kò gùn tó èékánná. Kò jẹun alẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó gbé e lọ fún ẹni tó ń tún gìtá ṣe, ó ní kó bá òun pa àpá náà rẹ́, iye yòówù kó gbà. Ọkùnrin náà gbé e sábẹ́ iná, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, “Èwo nínú wọn?”