Agolo Bournvita Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ kejì Iléyá, mo yà kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nílé wọn ní Tanke, níbí ní Ìlọrin. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó kí n gbé omi gbígbóná wá." Kì í ṣe pé tíì ń wù mí mu o, tábìlì ìjẹun wọn ni mo fẹ́ wò. Ẹ̀yin náà mọ irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Agolo Bournvita ńlá, agolo Milo tó ga jù ú lọ díẹ̀, páálí kọnfíléèkì, ike Blue Band, gbogbo wọn tò, wọ́n kọ orúkọ wọn síta bí ọmọ ilé-kéú lọ́jọ́ wòlímọ̀tù.

Mo ṣí Bournvita. Mo bu ṣíbí kan, mo bu èkejì, mo da omi lé e, ó sì léfòó sókè bí ẹni tí ẹ̀rù odò ń bà. Mo tọ́ ọ wò. Wáláì, kì í ṣe Bournvita. Ó dùn o, àmọ́ adùn ṣúgà ni. Mo wá yí agolo náà dé, mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ẹ̀. Oṣù kẹwàá 2019 ló yẹ kí wọ́n ti mu ún tán. Mo rọra gbé ife sílẹ̀.

"Ẹ má fòyà, ọkọ mi," ó ní, ẹ̀rín sì ti gba ẹnu ẹ̀. "Agolo ló kú, inú ẹ̀ ṣì wà láàyè. Ọjọ́ Àrífà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ kún."

Kí ló wá rọ sí i? Ó lọ sí kíṣìnì, ó gbé láílọ́nù ńlá kan jáde láti ẹ̀yìn báàkẹ́ẹ̀tì gàárì, ibi tó fi í pamọ́ sí bí ẹni fi ọtí pamọ́ fún àna tó jẹ́ àlùfáà. Orúkọ ilé-ìtajà kan nílùú níbí ló wà lára láílọ́nù náà. Tiwọn ni. Àwọn ló dì í, àwọn ló kọ orúkọ ara wọn sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun mọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ń di ìrẹsì, ẹ̀wà, gàárì, tíṣù, omi àti ọṣẹ, wọ́n ń fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí i, owó ẹ̀ sì ń fúyẹ́ díẹ̀ sí ti olórúkọ. Kò sí idán níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ra ọjà lọ́pọ̀, kò san owó fún ẹnikẹ́ni láti máa jó lórí tẹlifíṣọ̀n, kò gbé pátákó sí Challenge. Ẹni tó bá ra olórúkọ, òun ló ń sanwó orin tó ń gbọ́ nínú rédíò, kódà bí orin náà bá ti sú u. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti ní kí náírà máa léfòó fúnra ẹ̀, tó sì jẹ́ pé rírì ló rì, ọ̀pọ̀ ilé ló ti fi ọgbọ́n yí sí ọ̀dọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Mo gbóríyìn fún wọn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí a fi ń ṣe é bí olè.

Mi ò ní purọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dáa. Mo ra tíṣù ṣọ́ọ̀bù kan nígbà kan, òun ló yẹ kó nu èèyàn, ló bá ń fi ara ẹ̀ sílẹ̀ lára èèyàn bí ẹlẹ́rìí. Mo ra ọṣẹ ìfọwo wọn náà, kò ru. Ìyàwó mi ní ọṣẹ náà ń gbààwẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Tanke. Bí mo ṣe yíjú sí ọ̀nà pálọ̀, mo rí páálí tíì kan lórí ṣẹ́ẹ̀fù tẹlifíṣọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tí wọ́n yà ní Mẹ́kà. Tesco ló wà lára ẹ̀. Àbúrò ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kì í mu ún. Àlejò nìkan ló wà fún, èmi ò sì tíì di irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Ó wù mí kí n sọ̀rọ̀, mo gbé e mì. Ṣọ́ọ̀bù ni Tesco. Bí ìyá arúgbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá wọ ibẹ̀, tó ń ṣírò owó tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ kí oṣù tó parí, tíì tó kọ Tesco sára yìí gan-an ló máa nawọ́ mú, nítorí ó dínwó ju olórúkọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Ohun kan náà ni èyí tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù àti èyí tó wà lẹ́yìn báàkẹ́ẹ̀tì gàárì. Ọ̀kan wọ bàlúù, èkejì wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà ní tiwọn, Kirkland ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Fítámì Kirkland, ẹ̀pà Kirkland, Àlàájà tó bá rí i gbà á pe gbogbo ilé wá wò ó. Costco ló ni ín, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ọjà ní páálí-páálí. Ọdún 1995 ni orúkọ náà jáde, ìlú tí olú iléeṣẹ́ wọn wà nígbà náà, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni wọ́n fi sọ ọ́. Orúkọ ìlú lásán! Bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Àjàṣẹ́-Ìpo, tó sì kọ "Àjàṣẹ́" gàdàgbà sára ẹ̀pà. Ta ni nínú wa tó máa gbé ẹ̀pà Àjàṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Mẹ́kà? Ọ̀gá Costco fúnra ẹ̀ ti sọ pé Duracell ló ń bá àwọn ṣe bátìrì Kirkland. Ẹni tó ń ṣe ti olórúkọ náà ló tún ń ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ọrùn ẹ̀ ló pààrọ̀.

Àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwa tí orúkọ ti gba ẹnu wa pátápátá? Ẹ dé ìsọ̀ kan ní Ọjà Tuntun, kí ẹ gbọ́ bí oníbàárà ṣe ń ná ọjà.

"Ẹ fún mi ní Omo."

Ọlọ́jà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Omo wo? Omo Klin ni àbí Omo Ariel?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Indomie ni gbogbo nudù ayé yìí, Maggi ni ohunkóhun onígun mẹ́rin tó bá wọ ọbẹ̀, Macleans la fi ń fọ eyín, ohunkóhun tí wọ́n bá sì dè mọ́ ìdí ọmọ jòjòló, Pampers ni. Oṣù kẹta 2023 ni Unilever kéde pé àwọn ń jáwọ́ nínú ṣíṣe Omo, Sunlight àti Lux ní Nàìjíríà. Ayálégbé ti kó jáde, orúkọ ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, a sì ń kí i láàárọ̀ láàárọ̀.

Nígbà tí ìjọba ti bodè ní 2019, mo jẹ wòlímọ̀tù kan ní Òkèlélé. Àpò ìrẹsì Táílándì márùn-ún ló dúró síta lẹ́bàá àwọn alásè, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè kà á. Ṣíbí kẹta, eyín mi ká òkúta kan, kékeré báyìí. Mo mọ òkúta náà, ará ìpínlẹ̀ wa ni. Ìrẹsì Pàtígì ló wọ ẹ̀wù àyálò. Ó dùn, ó ń ta sánsán, mo bu kún un lẹ́ẹ̀mejì. Kò kàn sẹ́ni tó gbà pé òun bí i.

Wàrà nìkan ló bọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ìyá Fúlàní gbé igbá kalẹ̀ ní Ọjà Ọba, kò sí páálí, kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, a sì ń bẹ̀rẹ̀, a ń rà, a ń jẹ ẹ́ lójú pópó. Kí ẹnì kan má lọ dì í sínú ike o, kó má kọ gẹ̀ẹ́sì sí i lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ṣẹ́ẹ̀fù ló ń lọ yẹn.

Ẹ má wò mí bí màláíkà. Èmi náà ní láílọ́nù kan. Ilé-ìtajà ńlá kan ló fún mi lọ́jọ́ tí mo lọ ra búrẹ́dì kan ṣoṣo níbẹ̀, ó ki, orúkọ wọn ràn yòò lára ẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Mo máa ń fọ̀ ọ́, inú ilé ni mo sì ń sá a sí kí aládùúgbò má baà rí i. Bí mo bá ń lọ Ìpàta, àpò ṣòkòtò ló ń wọ̀. Bí mo bá ń bọ̀, òun ló ń ru tàtàṣé, rodo, pọ̀nmọ́ àti irú wọ àdúgbò, tí Àlàájà onílé wa á sì máa kí mi láti orí bẹ́ńṣì ẹ̀: "Bàbá Ìbejì, ẹ tún ti ṣọ́ọ̀pù dé! Owó wà o!" Èmi á ní, "Àlàájà, a dúpẹ́ o, díẹ̀díẹ̀ ni."

Sátidé tó kọjá, ìdí láílọ́nù náà já lẹ́nu géètì gan-an. Rodo yí lọ sínú gọ́tà, pọ̀nmọ́ nà gbalaja sílẹ̀, irú tí wọ́n dì séwé já bọ́ sẹ́sẹ̀ Àlàájà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Òórùn gba àdúgbò. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Àlàájà bẹ̀rẹ̀, ó mú irú náà, ó gbé e símú.

"Bàbá Ìbejì, irú Ìpàta nìyí."

Mi ò rí nǹkan sọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá ṣí ẹnu báàgì Tesco tó gbé kọ́pá díẹ̀, kí n lè rí ewé tiẹ̀.