Breaker tó ń jábọ́ kọ́ ló kéré: ẹ yé fi 63 dípò 20

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, lẹ́nu ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá oníná. Ó ń sọ fún káfíńtà kan tó gbé ẹ̀rọ ìrẹ́gi sẹ́yìn ilé, tí breaker rẹ̀ (súìṣì tó ń gé iná fúnra rẹ̀ tó bá pọ̀ jù) ń jábọ́ ṣáá: "Breaker yẹn ló kéré. Yọ 20, fi 63 sí i, kò ní jábọ́ mọ́." Lóòótọ́, kò ní jábọ́ mọ́. Bí wọ́n bá di ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lẹ́nu, òun náà kò ní sunkún mọ́.

Breaker kì í ṣọ́ ẹ̀rọ. Kì í sì í ṣọ́ èèyàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Wáyà tó wà nínú ògiri àti lókè àjà ló ń ṣọ́, wáyà yẹn náà ló sì ń sọ nọ́ńbà tí breaker gbọ́dọ̀ jẹ́, ìyẹn iye ampere (A), bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Wáyà bàbà tí gbogbo wa ń lò, tó bá wà nínú páìpù, 1.5mm (ìyẹn mm² bàbà inú rẹ̀) ń gbé nǹkan bíi 17A, 2.5mm ń gbé 24A, 4mm ń gbé 32A, 6mm ń gbé 41A. Ibi tí ooru rẹ̀ kò ju 30°C lọ ni wọ́n ti wọn gbogbo ìyẹn o. Ta ló ń rí 30°C lábẹ́ páànù l'Ákùúrẹ́ nínú oṣù kejì? Tí abẹ́ páànù bá gbóná dé 40°C, 24A ti di 21A. Tó bá dé 50°C, ó ti di 17A.

Ẹ wá gbé 63 lé irú wáyà bẹ́ẹ̀ lórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé breaker kì í jábọ́ kété tí iná bá kọjá nọ́ńbà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé ó gbọ́dọ̀ lè gbé ìlọ́po 1.13 nọ́ńbà yẹn fún wákàtí kan láìjábọ́. Ìgbà tó bá dé ìlọ́po 1.45 ló di dandan kó jábọ́ kí wákàtí kan tó pé. 63 lọ́nà 1.45 jẹ́ 91A. Ìyẹn ni pé wáyà 2.5mm lè máa gbé 60A, kó gbé 70A, kí breaker kàn máa wò ó níran. Ooru inú wáyà kì í sì í bá iná rìn ní dọ́gbadọ́gba: bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. 60A nínú wáyà 24A, ooru rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́fà. Ike tó bo wáyà náà, 70°C ni òpin agbára rẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ á rọ̀, á dúdú, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán, títí wáyà méjì á fi fara kanra lókè àjà níbi tí ojú ò ti tó o. Ilé iṣẹ́ káfíńtà sì rèé, ìyẹ̀fun igi ló kún gbogbo ibẹ̀.

Kí ló wá ń mú un jábọ́? Ẹ wo ìgbà tó ń jábọ́. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣe ń tan ẹ̀rọ báyìí ló ń bọ́, tí kì í sì í bọ́ mọ́ tí mótò bá ti yí délẹ̀, iná ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mótò tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3hp, ti single phase (iná tó ní line kan), ń fa nǹkan bíi 14A tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje, ká mú 84A. Ẹ wá ka ojú breaker dáadáa. Lẹ́tà kan wà níwájú nọ́ńbà yẹn, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta ọjà náà kò kà rí: B20, C20, D20. B ń jábọ́ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá wà láàárín ìlọ́po 3 sí 5 nọ́ńbà rẹ̀, C láàárín 5 sí 10, D láàárín 10 sí 20. B20 lè jábọ́ níbikíbi láti 60A dé 100A, àárín ibẹ̀ gan-an sì ni 84A wà. C20 kò ní dá a lóhùn, torí pé ó di 100A kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Nọ́ńbà ò yí padà, ìṣọ́ tó ń ṣọ́ wáyà ò dín kù. Lẹ́tà nìkan ni wàhálà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ á ti ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jábọ́, iná ti pọ̀ jù fún wáyà lóòótọ́, ẹ lọ wá ohun tó fà á. Eyín ayùn tó ti kú, igi tútù, bẹ́ríǹgì tó ti gan, bẹ́líìtì tí wọ́n fà le jù. Ẹ wọn iná fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Tí Nẹ́pà bá wálẹ̀ sí 180V ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ tí igi ń bèèrè lọ́wọ́ mótò kò dín kù, nítorí náà ampere ló máa pọ̀ sí i. Tí breaker bá sì ń bọ́ nígbà tẹ́ ẹ ti yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò, wáyà kan ti fara kan òmíràn níbì kan, ẹ má gbé e sókè mọ́ títí ẹ ó fi rí i.

Àwọn tó ń lo three phase (iná tó ní line mẹ́ta), 415V, ní ìṣòro tiwọn. Tí line kan (wáyà tó ń gbé iná wá) bá já lórí òpó, mótò tó ti ń yí kì í dúró. Á máa kùn, line méjì tó kù á máa ru ẹrù mẹ́ta, coil (wáyà inú mótò) á sì jó kí breaker tó mọ nǹkan kan. Starter (àpótí tí wọ́n fi ń tan mótò) tó ní contactor (súìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá lọ) àti overload (ohun tó ń gé iná tí mótò bá ń fà á jù) ló ń gba irú mótò bẹ́ẹ̀ là, kẹ́ ẹ sì yí overload yẹn sí iye ampere tí wọ́n kọ sára mótò, ẹ má fi kún un. Mótò 5hp kì í ju bíi 8A lọ ní 415V. Contactor yìí tún ní àǹfààní kan tí wọn kì í kà sí: tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n tún mú un dé, ẹ̀rọ kò ní dá tan ara rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn.

Wọ́n á ní, "Ti bọ̀dá mi ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò jó." Ó dáa. Mo gbà pé breaker lè gbó, ayédèrú sì wà lọ́jà. Ẹ ra òmíràn tí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ fi dán an wò. 63 kọ́ ni ìdánwò.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí fún ilé iṣẹ́ kékeré nínú àgbàlá. Ẹ fà á láti changeover (súìṣì tó ń yí iná láàárín Nẹ́pà àti jẹnẹrétọ̀) pẹ̀lú wáyà 10mm, kí ilé iṣẹ́ ní DB (àpótí breaker) tirẹ̀ tó ní breaker àgbà 40A. Ẹ̀rọ 3hp gba wáyà 4mm tirẹ̀ nìkan àti C20, ẹ so ó mọ́ isolator (súìṣì tí a fi ń pa ẹ̀rọ pátápátá) tí ọwọ́ lè tètè tó. Púlọ́ọ̀gì 13A kò bá a mu, 14A ló ń fà. Wáyà 4mm ni mo ní, kì í ṣe 2.5mm, nítorí ọ̀nà jíjìn: tí ẹ̀rọ bá jìnnà tó 20m, 2.5mm á jẹ nǹkan bíi 30V nígbà tó ń gbéra, 4mm á jẹ bíi 18V. Nínú iná tó ti wálẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn lè sọ bóyá mótò á gbéra tàbí á kàn máa kùn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì fún filing machine àti dírílì, 2.5mm pẹ̀lú C16. Ẹ ya gílóòbù sọ́tọ̀, 1.5mm àti 6A, kí ilé má baà ṣókùnkùn nígbà tí ayùn ṣì ń yí.

Ó wá ku ti èèyàn. Tí line bá kan irin ara ẹ̀rọ, ṣé breaker á gba ẹni tó fọwọ́ kàn án là? Ká ní irin earth yín (irin tí a gbá sílẹ̀ kí iná tó jò lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀) ní 40 ohm, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó, 230V lórí 40 jẹ́ nǹkan bíi 6A. C20 ò ní mira, ká má tilẹ̀ dárúkọ 63. Ara ẹ̀rọ á wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iná lára, á máa dúró de ọwọ́. Ilẹ̀ Àkúrẹ́ sì kún fún àpáta. Àwọn oníná kan á gbá irin 1.2m, tó bá kọ́ òkúta lágbedeméjì wọ́n á fi ayùn gé orí rẹ̀, wọ́n á ní ó ti wọlé. Tó bá wá di ọyẹ́, ilẹ̀ á gbẹ, ohm á tún lọ sókè. Ẹ gbá méjì, kí àárín wọn ju gígùn irin kan lọ, ẹ so wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi RCD 30mA (súìṣì tó ń gé iná tó bá ń jò) síwájú àwọn breaker ẹ̀rọ. RCD kì í dúró de ampere mẹ́fà. 30mA ti tó fún un láti gé iná. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tó wà lára rẹ̀ lóṣooṣù. Tó bá ń bọ́ láìnídìí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti so neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) mọ́ earth lẹ́yìn rẹ̀; àṣìṣe yẹn ló ń mú kí wọ́n yọ ọ́ dànù.

Tẹ́ ẹ bá ń ra wáyà, ẹ mú ọ̀bẹ lọ. Ẹ ha ẹyọ irin kan: tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára ni, gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí kò kàn án. Ẹ ka irin inú rẹ̀ náà: 2.5mm gidi tó bá jẹ́ onírin méje, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.67mm, 4mm onírin méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.85mm. Tó bá tínrín jù bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà kí wọ́n tó gé e.