Ọ̀nà Tí Oníbàárà Gbà Wọlé Ni Kó Gbà Jáde

Aago kan ń ka ìṣẹ́jú lórí ìkànnì tí wọ́n ti ń tajà: ẹ̀dínwó máa tó parí, ó ku ìṣẹ́jú 9. Ẹ ti ojú ìwé náà pa, kí ẹ tún un ṣí. Bí aago bá ti padà sí 15, irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín.

Ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Láti 1979 ni Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ṣàlàyé pé àdánù máa ń dun èèyàn ju bí èrè kan náà ṣe ń múnú rẹ̀ dùn lọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 1974, wọ́n yí àgbá onínọ́ńbà kan tí wọ́n ti dọ́gbọ́n sí kó máa dúró lórí 10 tàbí 65, wọ́n wá ní kí àwọn èèyàn fojú bu ìdá tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kó nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àwọn tó rí 10 dáhùn ní nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó rí 65 sọ 45. Iṣẹ́ àgbá yẹn náà ni iye owó àtijọ́ tí wọ́n fa igi lé lórí ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ san iye yẹn rí.

A ò ní kí olówò má lo ìmọ̀ yìí. Bí ọjà bá ku 3 lóòótọ́, kó sọ ọ́. Èyí tó ń bí wa nínú jù ni "ẹ tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́". Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń gba nọ́ńbà káàdì; ọjọ́ 7 pé, owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóṣooṣù. Tí ẹ bá fẹ́ kúrò, ó di ojú ìwé mẹ́rin: bọ́tìnì "Ẹ dúró" tóbi, ó ń dán, "Ẹ fagi lé e" rí tín-ín-rín, àwọ̀ eérú.

Kí òfin dá sí i. Jámánì ti pàṣẹ bọ́tìnì ìfagilé láti July 1, 2022. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2011 kò sì ka àpótí tí wọ́n ti bá oníbàárà máàkì sílẹ̀ sí àdéhùn láti san àfikún owó lórí owó ọjà. Ohun tí a fẹ́ kí òfin fi kún un ni pé kí iye ìgbà tí èèyàn máa tẹ bọ́tìnì kó tó jáde má ju ti ìgbà tó ń wọlé lọ, kí wọ́n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 3 ṣáájú owó àkọ́kọ́.

Ilé iṣẹ́ tó bá sì ń dán oríṣi ojú ìwé méjì wò láti mọ èyí tó máa lò, kó má fi ọjà tó tà lọ́sẹ̀ kan péré mú èyí tó dára. Kó ka àwọn tó béèrè owó wọn padà láàárín ọjọ́ 60 mọ́ ọn.