Bírò pupa kọ́ ló ń kọ́ ọmọ ní àrokọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé tíṣà tó bá fi bírò pupa kun ìwé ọmọ látòkè délẹ̀ ló mọṣẹ́, tí pupa ò bá ti pọ̀ wọ́n á ní kò kà á rárá. Irọ́ ni o.

Èmi náà ṣe é. Ní táàmù tó kọjá ọmọ JSS3 kan kọ nípa ọjọ́ tó tẹ̀lé màmá ẹ̀ lọ ra ata ní Bódìjà, mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo sípẹ́lì gbogbo kọ́mà, mo kọ "tún ṣe dáadáa sí i" sísàlẹ̀, mo fún un ní 4 nínú 10. Ó wo 4 yẹn, ó pa ìwé dé, ó tì í sínú báàgì. Àrokọ tó tún kọ lẹ́yìn ẹ̀, àṣìṣe kan náà ló wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti wá kúrú, torí ọmọ tó mọ̀ pé gbogbo ohun tóun bá kọ ni wọ́n máa fa ìlà sí, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó dá a lójú náà ló máa kọ.

Ruth Butler, onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ti ṣe ìwádìí lórí nǹkan yìí ní Ísírẹ́lì, ó jáde ní 1988. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ àlàyé fún láìsí máàkì, iṣẹ́ wọn dáa sí i, àwọn tí wọ́n fún ní àlàyé pẹ̀lú máàkì ò jèrè àlàyé yẹn, máàkì nìkan ni wọ́n ń wò. WAEC gan-an, nínú máàkì 50 tí àrokọ Gẹ̀ẹ́sì ní, 10 péré ni ti sípẹ́lì àti gírámà, bẹ́ẹ̀ òun la fi ń pa ọmọ.

Ẹ máa ní ọmọ 70 ló wà ní kíláàsì yín. Mo mọ̀, tèmi náà ò kéré, àmọ́ kíkọ gbólóhùn méjì ò gba àkókò tó fífa ogójì ìlà pupa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí ọmọ JSS3 yẹn gbé àrokọ Bódìjà yẹn wá, mo kọ ọ́ sí i pé: "Mo rí màmá ẹ níbi tó ti ń ná ata, kí ni ìyá aláta wá sọ? Tún ìpínrọ̀ yẹn kọ." Mi ò fún un ní máàkì kankan. Ojú ìwé méjì ló kọ wá, ìyá aláta ń ṣépè pé òun ò jèrè, màmá ẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ. Sípẹ́lì ẹ̀ ṣì wọ́, ìyẹn la máa mú lọ́sẹ̀ yìí.