Aṣọ yín pọ̀, àkísà yín dà?

Ó ti sú mi o. Gbogbo ọmọ tó bá ti ṣe skit mẹ́ta sórí TikTok ló ń pera ẹ̀ lóṣèré báyìí, ẹ ò sì lè bá a wí. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Wíwọ̀ laṣọ ń wọ̀ kó tó dàkísà, ẹ ò lè rà á lọ́jà.

Ọ̀kan nínú wọn ká mi mọ́ ibi ìnáwó kan, ó ní kí n bóun wá ẹni táá gbé òun wọ Hollywood, òun fẹ́ dà bíi David Oyelowo, òṣèré ọmọ Nàìjíríà tó wà nílùú òyìnbó yẹn. Mo ní ibo lòun yẹn ti bẹ̀rẹ̀? Ó ní Selma. Selma kẹ̀! Fíìmù 2014! Ọkùnrin tí wọ́n bí sí Oxford ní 1976, bàbá Yorùbá, ìyá Ìgbò, tó gbé Èkó ní kékeré kí wọ́n tó padà sí London, LAMDA, iléèwé tíátà kan ní London, ló ti kọ́ṣẹ́, ó jáde ní 1998, ó bọ́ sí Royal Shakespeare Company, ẹgbẹ́ tó ń ṣeré Shakespeare lórí ìtàgé, níbi tí ò ti sí pé ẹ jẹ́ ká tún un yà, tó o bá gbàgbé ọ̀rọ̀ lójú èrò, o ti tẹ́ nìyẹn. Ní 2000 wọ́n fi í ṣe Ọba Henry Kẹfà, aláwọ̀ dúdú ò ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ rí, àwọn kan ń kùn, ó ṣáà ń ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Selma gan-an, 2007 ló ti ka ìwé eré ẹ̀, ó ní Ọlọ́run sọ fóun pé òun lòun máa ṣe Martin Luther King, olùdarí ìgbà yẹn ò gbà. Ká ní ìwọ ni, wàá ti gbé fóònù, wàá ti máa sunkún lórí live pé ayé ń bá ẹ jà. Òun ń gba ipa kékeré nínú fíìmù bíi The Help àti Lincoln, wọ́n ń pààrọ̀ olùdarí títí ó fi kan Ava DuVernay. Ẹni tó máa joyin inú àpáta kì í wẹnu àáké, ẹ̀yin ẹnu àáké nìkan lẹ̀ ń wò!

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ ń ra ring light fọ́mọ, tó bá wá ní òun fẹ́ lọ kọ́ tíátà níléèwé, ẹ á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Oyelowo ti lókìkí tán, ní 2024 ó tún padà sórí ìtàgé National Theatre ní London, ó ṣe Coriolanus, eré Shakespeare, ó há ọ̀rọ̀ ojú ewé rẹpẹtẹ sórí. Ìwọ, ojú ewé méjì ò tíì wọ̀ ẹ́ lórí, ò ń bèèrè Hollywood lọ́wọ́ mi níbi ìnáwó, pẹ̀lú jọ̀lọ́ọ̀fù lẹ́nu.